Ariwo Abẹ́ Omi: Ìpalára Tí Kì í Fi Àbàwọ́n Sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti apẹja wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ń yan ẹja tí ẹ sì ń tà á, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ náà kan ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo wa, títí kan àwa tí a ń gbé ní òkè ilẹ̀ tí a kò mọ bí a ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Bí epo rọ̀bì bá dà sínú omi, ojú gbogbo ayé ni ó ń ṣe. Omi á dúdú, ẹja á kú á léfòó, àwọ̀n á lẹ̀ mọ́ra, àwọn oníwèé ìròyìn á wá ya àwòrán, àwọn agbẹjọ́rò á sì tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí à ń dà sínú omi lójoojúmọ́, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kì í sì í léfòó. Ariwo ni. Èrò mi ni pé ó tó àkókò kí a máa ka ariwo kún ohun tí ń ba omi jẹ́, kí a sì máa bi ẹni tí ó bá pa á léèrè gẹ́gẹ́ bí a ti ń bi ẹni tí ó da epo.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, ẹja ha ní etí bí? Ó ní etí. Inú orí ni ó wà. Ẹni tí ó bá ti jẹ orí apò rí yóò ti rí òkúta funfun méjì tí ó máa ń kan eyín nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà jọ láti fi ṣeré. Òkúta wọ̀nyí jẹ́ apá kan etí ẹja náà. Bí ìró bá ń kọjá nínú omi, ara ẹja á mì pẹ̀lú omi, ṣùgbọ́n òkúta yìí wúwo ju ara lọ, kò sì lè mì bákan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn irun tín-ín-tín tí ó wà lábẹ́ òkúta náà ń mọ̀, tí wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀ fún ọpọlọ. Ẹja àrọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sìn tún ní àfikún: àwọn eegun kéékèèké kan so àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ etí rẹ̀, èyí tí ó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbọ́ràn. Ẹpìyà kò ní irú eegun bẹ́ẹ̀.

Apò kì í gbọ́ràn lásán, ó tún máa ń fọhùn. Iṣan kan wà tí ó ń lu àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bí ẹni ń lu ìlù, pàápàá ní àkókò tí akọ ń pe abo. Nítorí ìró yìí ni àwọn Òyìnbó fi sọ ọ́ ní croaker. Ní orílẹ̀-èdè Malaysia, àwọn àgbà apẹja máa ń wọ inú omi, wọn á ri orí bọ̀ ọ́, wọn á sì tẹ́tí sí irú ìró bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí a da àwọ̀n. Ẹ rò ó wò: iṣẹ́ tí ó gba pé kí omi dákẹ́ kí a tó lè ṣe é.

Ìdí tí ohùn fi ṣe pàtàkì fún ẹran inú omi kò ju èyí lọ. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà nínú omi. Ẹni tí ó bá ti wọ ọ̀sà ní ìgbà òjò, tí omi odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun ti gbé ẹrẹ̀ dé, mọ̀ pé òun kò lè rí ọwọ́ ara òun lábẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ohùn ń sáré nínú omi ju bí ó ti ń sáré nínú afẹ́fẹ́ lọ. Nínú afẹ́fẹ́, ó ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, ó ń rin nǹkan bí mítà 1,500, ó sì ń lọ jìnnà kí ó tó kú. Nítorí náà etí ni ẹja fi ń ríran. Etí ni ó fi ń mọ ibi tí oúnjẹ wà, ibi tí ọ̀tá ti ń bọ̀, àti ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà. Bí a bá da ariwo bo omi, a ti so aṣọ mọ́ ọn lójú nìyẹn.

Ta ni ń pa ariwo náà? Ọkọ̀ òkun ńláńlá ni àkọ́kọ́. Abẹ̀bẹ̀ irin tí ń ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ siwájú máa ń fa àwọn ìfófòó kéékèèké jáde, àìmọye ìfófòó wọ̀nyí sì ń bẹ́ léraléra bí àgbàdo tí à ń yan. Àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Àpápá àti Tin Can, àti láti ọdún 2023 àwọn tí ń lọ sí èbúté tuntun ní Lẹ́kí, gbogbo wọn ni ó ń pa á. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ tí ń fa yanrìn nínú ọ̀sà, àti àwọn tí ń gbá òpó irin mọ́ ìsàlẹ̀ omi níbi tí a ti ń kọ́ afárá tàbí èbúté. A kò sì gbọdọ̀ yọ ara wa sílẹ̀: ẹ́ńjìnnì kékeré tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ tiwa náà ń ké.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ga jù, tí mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí, ni ìbọn afẹ́fẹ́. Àwọn tí ń wá epo rọ̀bì lábẹ́ òkun kò lè rí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, nítorí náà wọ́n ń fi ohùn wò ó. Ọkọ̀ kan á máa wọ́ ọ̀pọ̀ ìbọn lẹ́yìn nínú omi. Kì í ṣe ọta ni ó ń yìn bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí a ti fún mọ́ra gidigidi. Bí ìbọn náà bá dún, ìró rẹ̀ á wọ inú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun lọ, á padà wá, ẹ̀rọ á sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni ó wà láàárín ìdún kan àti èkejì, lọ́sàn-án lóru, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà mìíràn. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ agbóhùn sí àárín òkun Àtìláńtíìkì láti ọdún 1999 gbọ́ ìbọn wọ̀nyí láti ibi tí ó jìnnà ju kìlómítà 3,000 lọ. Ìró náà ń wá láti etí omi Kánádà, láti etí omi Brazil, àti láti etí omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín.

Kí ni ó ń ṣe fún ẹja? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Norway, nítorí pé ìwádìí náà ṣe kedere, àti nítorí pé láti ibẹ̀ ni ẹja gbígbẹ líle tí à ń pè ní òkporókó ti ń wá sí ọjà wa. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ ìjọba Norway lọ sí òkun Barents ní àríwá orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n fi ọjọ́ méje pẹja kí ìbọn tó dún, wọ́n pẹja fún ọjọ́ márùn-ún tí ìbọn ń dún, wọ́n sì tún pẹja fún ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ó dákẹ́. Àwọ̀n tí ọkọ̀ ń fà ni wọ́n lò, wọ́n sì lo okùn gígùn tí ó ní ọ̀pọ̀ ìwọ̀. Níbi tí ìbọn ti ń dún gan-an, ẹja cod àti haddock tí àwọ̀n ń mú dín kù ní nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹja cod tí ìwọ̀ ń mú dín kù ní ìdá 45. Ní ibi tí ó tó kìlómítà 33 sí ìbọn náà, ẹja ṣì dín kù. Àwọn ẹja ńlá, tí gígùn wọn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ni ó sì lọ jù. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí ariwo ti tán, iye ẹja kò tíì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń fi ẹja pípa jẹun mọ ohun tí ìṣirò yìí túmọ̀ sí. Bí agbọ̀n mẹ́wàá bá di mẹ́ta, owó epo ẹ́ńjìnnì kò dín kù, èsúsú kò dúró de ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó ti san owó ẹja sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó lọ sí òkun yóò dúró létí omi pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Kò ní sí ẹja tí ó kú tí a lè gbé lọ fún adájọ́. Ẹja náà kàn ti lọ ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹja ni ó sì lè sá. Ní Australia, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé ẹja tí a fi sínú àgò, tí ìbọn afẹ́fẹ́ sì kọjá nítòsí rẹ̀, pàdánù ọ̀pọ̀ nínú irun tín-ín-tín tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ 58 lẹ́yìn náà, kò sí àmì pé ibi tí ó bàjẹ́ náà ti ń sàn. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní òkun Tasmania ròyìn pé lẹ́yìn tí ìbọn kan ṣoṣo kọjá, àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń léfòó nínú omi, tí ọmọ ẹja àti edé ń jẹ, kú ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí dé ibi tí ó ju kìlómítà kan lọ. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, n kò fẹ́ bù mọ́ ọn: ní ọdún 2019 àwọn mìíràn ní Norway dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ibi tí ó súnmọ́ ìbọn pẹ́kípẹ́kí nìkan ni ìpalára ńlá wà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí. Lórí pé ẹja ń sá, ẹ̀rí wà.

Ti àbùùbùtán àti àwọn ìbátan rẹ̀ tún yàtọ̀, nítorí ohùn ni wọ́n fi ń pe ara wọn láti ọ̀nà jíjìn. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, àbùùbùtán àti ìbátan rẹ̀ mẹ́tàdínlógún gòkè sí èbúté ní erékùṣù Bahamas lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lo ẹ̀rọ tí ń fi ohùn wá ọkọ̀ abẹ́ omi. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì gbà nínú ìròyìn tí ó gbé jáde ní ọdún 2001 pé ẹ̀rọ náà ni ó ṣeé ṣe jù kí ó fa á. Nítòsí wa, ní etí omi Àǹgólà, a gbé ẹ̀rọ agbóhùn sínú òkun ní ọdún 2008. Bí ìró ìbọn afẹ́fẹ́ bá ti ń ga sí i, iye àbùùbùtán tí ń kọrin ń dín kù. Irú àbùùbùtán yìí náà ni ó máa ń wá sí etí omi Gàbọ́ọ̀nù, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ láti bímọ ní ìgbà tí òjò wa ń lọ sópin.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Kánádà. Lẹ́yìn ìkọlù tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ọkọ̀ òkun dín kù lójijì ní ìyawọ̀ omi Fundy. Àwọn onímọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń kó ìgbẹ́ àbùùbùtán jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n wo ìgbẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọ́n rí i pé èròjà tí ara ẹran máa ń pèsè nígbà tí ìdààmú bá dé bá a ti dín kù. Àìbalẹ̀ ara tí wọ́n rò pé bí a ti dá a ni, ariwo wa ni. Ariwo náà sì dákẹ́ lóòjọ́, kò dà bí epo tí ó ní láti gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kúrò nínú ẹrẹ̀ àti nínú gbòǹgbò ẹ̀gbà omi. Bí a bá pa ẹ́ńjìnnì, omi ti mọ́ nìyẹn.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ẹja tí ó sá yóò padà. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí etí rẹ̀ kò bàjẹ́ yóò padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bọ́ ilé apẹja títí di ìgbà náà? Àwọn mìíràn yóò ní kì í ṣe ariwo ni ó jẹ́ kí ẹja wọ́n ní òkun Ìlàjẹ àti ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, pé àwọ̀n olójú kékeré tí ń kó ọmọ ẹja ni, pé àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń fa àwọ̀n wọ ibi tí òfin kò gbà wọ́n láyè ni, pé ìdọ̀tí ìlú Èkó ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo ìwọ̀nyẹn ni a ti ń pariwo lé lórí, tí òfin sì ti mẹ́nu bà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń béèrè nípa ariwo. Òfin ariwo tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2009, etí ènìyàn ni ó ń dáàbò bò.

Síbẹ̀, a kò ṣàìní ibi tí a lè dúró lé. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òfin òkun ti ọdún 1982, tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ní ọdún 1986, kò fi ìbàjẹ́ òkun mọ sí ohun tí a lè fọwọ́ bà nìkan. Ó ka agbára mọ́ ọn, ohùn sì jẹ́ agbára. Òfin wa ti ọdún 1992 tí ó ní kí a yẹ ipa iṣẹ́ ńlá wò lórí àyíká kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì fún ará ìlú láyè láti sọ èrò wọn kí ìjọba tó pinnu. Ará ìlú ni apẹja. Nígbà tí a bá pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni a óò sọ kí a tó pín ohun mímu. Ẹ béèrè pé: ìbọn afẹ́fẹ́ yóò ha dún bí? Ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ni yóò parí, ibo ni yóò dé? Ṣé kò bọ́ sí àkókò tí apò ń yé ẹyin? Ní Norway, òfin ni pé ọkọ̀ tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ gbé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ẹja pípa dáadáa lọ́wọ́, tí yóò máa bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ lórí omi. Èmi kò rí ìdí tí a kò fi lè béèrè fún ọmọ Ìlàjẹ tàbí Ègùn kan nínú ọkọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lórí omi wọn. Èyí kò sì lè ṣeé ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ni kí ó béèrè. Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Ní ti àwọn ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà òkun, ìtúnṣe wọn kò le. Bí ọkọ̀ bá dín eré kù, ariwo rẹ̀ a máa dín kù. Láti ọdún 2017 ni èbúté Vancouver ti ń bẹ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ pé kí wọ́n rọra bí wọ́n bá ń kọjá ní ibi tí àwọn ìbátan àbùùbùtán ti ń jẹun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbà. Tiwa náà kò le. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí etí rẹ̀ ti kán tàbí tí ó ti wọ́ ń pa ariwo ju èyí tí ó pé lọ, ó sì ń jẹ epo láìṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tún un ṣe, àpò yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ń sin ẹja nínú adágún yóò béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ó kàn yín díẹ̀. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, fi hàn pé ẹja trout tí a sìn nínú ariwo ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ oṣù dàgbà dáadáa, nítorí náà n kò ní dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n trout kò ní eegun agbóhùn tí àrọ̀ ní. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ ka orí ògiri adágún oníkọ̀ńkéré. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, ẹ fi táyà àtijọ́ tàbí iyanrìn sábẹ́ rẹ̀ kí gbígbọ̀n rẹ̀ má baà gba ilẹ̀ wọ inú omi. Owó kékeré ni.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún apẹja ni ìwé àkọsílẹ̀. Ohun tí àwọn ará Norway fi borí iyàn ni pé wọ́n mọ iye ẹja tí ó wà kí ìbọn tó dún. Bí a kò bá mọ ti àná, a kò lè fi hàn pé òní dín kù. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan, kí ọmọ kan tí ó mọ̀wé máa kọ ọ́ ní etí omi bí ọkọ̀ bá ti ń gúnlẹ̀: ọjọ́, ibi tí a ti da àwọ̀n, iye àwọ̀n àti wákàtí tí ó lò nínú omi, irú ẹja àti ìwọ̀n rẹ̀, iye tí a tà á. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí ń wọ́ okùn gígùn lẹ́yìn, ẹ kọ ọjọ́ tí ó dé àti ọjọ́ tí ó lọ. Kí ẹ má sì dá kíkọ dúró nígbà tí ó bá ti lọ, nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀lé e gan-an ni agbẹjọ́rò yóò béèrè. Bí ìwé náà bá kún, ẹ mú un lọ fún òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ó da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ, ṣùgbọ́n kí ojúlówó padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.